Kókó ilé-ẹyin, omi nínú ikùn: ṣé jẹjẹrẹ ni dandan?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ṣàìsàn, ẹni ọdún 54 ni wọ́n, elùbọ́ ni wọ́n ń tà níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ikùn wọn wú bí oyún oṣù méje, mímí sì ń ni wọ́n lára. Síkáànù fi hàn pé kókó líle wà ní ilé-ẹyin wọn, omi sì wà nínú ikùn àti àyà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA-125, tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ ilé-ẹyin, náà ga. Àwọn ẹbí ní jẹjẹrẹ ni, ká má fowó ṣòfò mọ́, ká gbé wọn sílé. Kí la ó ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé wọn sílé. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ lóòótọ́, mi ò ní tàn yín. Ní irú ọjọ́ orí wọn, òun ni dókítà máa ń kọ́kọ́ fura sí. Àmọ́ kò sí ìkankan nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Kókó ilé-ẹyin kan wà tó ń jẹ́ fàíbírómà. Kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ó máa ń le gan-an, inú rẹ̀ a sì funfun bí wọ́n bá là á. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fa omi sínú ikùn àti àyà, pàápàá àyà ọ̀tún. Joe Meigs, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1937, orúkọ rẹ̀ la sì fi ń pe àìsàn náà. Bí wọ́n bá ti yọ kókó yìí, omi náà á gbẹ fúnra rẹ̀.

Ní ti CA-125, 35 ni ọ̀pọ̀ láàbù fi ṣe ààlà, ṣùgbọ́n fàíbírómà yìí lè gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Ìju náà lè gbé e, omi inú ikùn pàápàá lè gbé e. Ẹ má sì gbàgbé ikọ́ ẹ̀gbẹ: ó ń mú inú ikùn, ó sì ń fara jọ jẹjẹrẹ ilé-ẹyin gan-an, bẹ́ẹ̀ oògùn ló ń wò ó.

Nítorí náà, ẹ gbé wọn lọ bá dókítà àwọn obìnrin. Ẹ ó rí wọn ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni LAUTECH tàbí ti Bowen, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ bèèrè pé kí wọ́n fa díẹ̀ nínú omi náà fún àyẹ̀wò. Bí iṣẹ́ abẹ bá wáyé, ohun tí wọ́n yọ gbọ́dọ̀ dé láàbù, nínú ike onídèérí tó ní fọ́málínì (omi oògùn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́), pẹ̀lú orúkọ ẹ̀gbọ́n yín lára rẹ̀. Èsì yẹn ló máa sọ ohun tó jẹ́. Owó àyẹ̀wò yìí ni àwọn ẹbí máa ń fẹ́ yọ kúrò, èyí sì máa ń dùn mí púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra ikùn náà, ẹ má sì fún wọn lágbo.

Bí mímí bá tún le fún wọn lónìí, ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí. Ẹ gbé wọn lọ kí wọ́n fa omi àyà yẹn.