Ìbínú tí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ń gbé, gàrí ni mo ń ṣe tà. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9, bí ó bá sì ṣe àṣìṣe pẹ́nrẹ́n, n ó pariwo mọ́ ọn títí ara rẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n. Bí ìyá tó bí mi ṣe ń ṣe sí mi gan-an nìyẹn. Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi pa ẹ̀jẹ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó da omi sínú gàrí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, ohun tí ó jáde lẹ́nu mi burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé irú mi tilẹ̀ lè yí padà?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, arábìnrin wa. Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ rí i bí ara ọmọ náà ṣe ń gbọ̀n, nítorí ẹni tí kò fẹ́ yí padà kì í wo ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọjọ́ 21 ti tó láti fi ìwà kan sílẹ̀, bóyá òun ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín fi dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn olùwádìí ní University College London tẹ̀ lé ènìyàn 96 tí wọ́n ń fi ìwà kékeré kọ́ra, irú bíi mímu omi pẹ̀lú oúnjẹ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Nínú ìṣirò wọn, ìwà náà lè mọ́ ẹlòmíràn lára ní ọjọ́ 18, ó sì lè gba ẹlòmíràn ní ọjọ́ 254. Ti ẹni tí ó wà láàárín jẹ́ ọjọ́ 66. Omi mímu lásán nìyẹn, kì í ṣe ohùn tí ẹ ti ń gbọ́ láti ìgbà èwe yín. Wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó pa ọjọ́ kan jẹ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ pàdánù ohun tí ó ti kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàrí mọ̀ pé kì í ṣe iná ló ń mú gàrí Ìjẹ̀bú kan, bí kò ṣe iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírin fi wà nínú àpò lábẹ́ ẹrù wúwo, ẹ kì í sì í bá àpò jà lọ́jọ́ kejì pé kò tíì kan.

Ẹ̀jẹ́ yín ni mo rí àléébù rẹ̀. “N kò ní pariwo mọ́” kò sọ ohun tí ẹ ó ṣe nígbà tí àyà yín bá gbóná. Ẹ yan àmì kan tí ara yín máa ń fi hàn kí ohùn tó jáde, kí ẹ sì so ìṣe kan mọ́ ọn: “Bí ọwọ́ mi bá ti fún igbá tí mo fi ń yan gàrí mọ́ra, n ó gbé e sílẹ̀, n ó mí jáde díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí n tó pe orúkọ rẹ̀.” Ẹ máa ṣe é nígbà tí ọmọ bá wà nílé ìwé, tí inú kò bí yín rárá, kí ẹ sì máa lò ó lórí ohun kékeré, bíi ìgbà tí ó bá pẹ́ kó tó dáhùn. Ẹni tí ó ń dúró de ọjọ́ tí omi yóò tún dà sínú gàrí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sùúrù ti pẹ́ jù.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú gbà pé òbí tí ó bá bẹ ọmọ rẹ̀ ti tẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì ní gbà á láéláé. Ẹ pe ọmọ náà jókòó, kí ẹ sọ fún un pé: “Omi tí o dà sínú gàrí kò dára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ sí ọ bẹ́ẹ̀.” Ẹ má fi “ìwọ lo fà á” kún un. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ariwo, tí ọwọ́ yín ti ń bà á, ẹ má ṣe dá a gbé. Ẹ lọ bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ kọ̀wé sí mi padà lẹ́yìn Ojúde Ọba, kí ẹ sọ bí ó ṣe ń lọ, kí ẹ má sì yọ àwọn ọjọ́ tí kò lọ bí ẹ ṣe fẹ́ sílẹ̀.