Ṣé Òṣì Ló Ń Mú Wọn Dìbò fún Ẹgbẹ́ Tí Kò Fẹ́ Àlejò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àbúrò mi obìnrin ti rí àyè gbà ní yunifásítì kan ní Budapest, olú-ìlú Húngárì. Ejẹ́ńtì wa ní òṣì tí ìjọba Kọ́múnísì fi sílẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Yúróòpù máa dìbò fún ẹgbẹ́ tó kórìíra àlejò. Ṣé tó bá ti lọ sí ìlú tí iṣẹ́ pọ̀ sí, kò séwu?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò o. Àmọ́ ejẹ́ńtì yín ṣì yín lọ́nà. Ọ̀rọ̀ òṣì yìí ti sú mi, torí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fi tan àwọn òbí.

Ẹ wo Czech. Ní 2017, òun ni àìríṣẹ́ṣe kéré sí jù nínú gbogbo Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, kò tó ènìyàn 3 nínú 100. Ọdún yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ SPD ti Tomio Okamura, tó ń pariwo kiri pé ewu ni Mùsùlùmí, gba ìbò tó lé ní 10 nínú 100. Mùsùlùmí tó wà ní Czech kò tó ẹnì kan nínú 100.

Pólándì ńkọ́? Nígbà tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú ní 2001, SLD ni wọ́n rọ́ dìbò fún, ẹgbẹ́ apá òsì (àwọn tó ní àwọn ń gbèjà mẹ̀kúnnù) tí àwọn Kọ́múnísì àná dá sílẹ̀. Òun àti alájọṣe rẹ̀ gba 41 nínú 100. SLD dé ìjọba tán, ẹ̀sùn rìbá bò ó, ó tún fẹ́ gé owó ìrànwọ́ mẹ̀kúnnù. Ní 2005, ìbò rẹ̀ já sí 11. Ẹgbẹ́ PiS, ti apá ọ̀tún, ló wá jókòó sí àyè yẹn. Ọdún 2015, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ọrọ̀ ajé ti ń gbèrú, ni PiS tó dá nìkan borí pátápátá. Ọdún kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í san 500 zloty, owó Pólándì, lóṣooṣù lórí ọmọ, bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ kejì. Iṣẹ́ apá òsì ni apá ọ̀tún ń bá wọn ṣe yẹn.

Ní Húngárì, ohùn olórí ìjọba, Ferenc Gyurcsány, jáde lórí rédíò ní 2006, níbi tó ti ń sọ fún àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn ti ń parọ́ fún aráàlú tọ̀sán-tòru. Ẹgbẹ́ rẹ̀, MSZP ti apá òsì, tó gba 43 nínú 100 lọ́dún náà, já sí 19 ní 2010. Fidesz, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún ti Viktor Orbán, gba ìdá méjì nínú mẹ́ta àga ilé ìgbìmọ̀. Jobbik, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún tó le jù ú lọ, tí òun àti alájọṣe rẹ̀ ò gbà ju nǹkan bíi 2 lọ tẹ́lẹ̀, fò dé bíi 17. Ìjákulẹ̀ ni mò ń sọ: àwọn tó ní àwọn máa gbèjà mẹ̀kúnnù ló dà wọ́n.

N ò ní kí ìyà má lọ́wọ́ sí i. Ní Ózd, ìlú kan ní Húngárì, níbi tí ilé-iṣẹ́ irin ti kógbá wọlé, Jobbik ló ní olórí ìlú ní 2014. Ṣùgbọ́n àwọn wo ni wọ́n dojú kọ? Àwọn Roma, ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n jọ ń gbé láti ayébáyé. Láti 2007 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ Jobbik ti ń tò wọ abúlé Roma pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti sòkòtò dúdú, títí ilé-ẹjọ́ fi fòfin dè wọ́n. Àlejò kò sí níbẹ̀ rárá.

Ní 2015, ìjọba Orbán gbé pátákó ńláńlá sójú títì: tó o bá wá sí Húngárì, o ò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Húngárì. Èdè Húngárì ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn tó ń ti Síríà bọ̀ kò lè kà á. Olùdìbò ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi iye iṣẹ́ tàbí iye ìbò yan ìlú. Budapest yan Gergely Karácsony, alátakò Orbán, ní olórí ìlú ní 2019, síbẹ̀ ìyẹn ò sọ bí ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé nínú bọ́ọ̀sì yóò ṣe hùwà. Ẹ bi àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ní ti ìwé ìgbélùú, èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Owó ilé-ìwé, àkáǹtì yunifásítì ni kẹ́ ẹ san án sí. Ejẹ́ńtì tó bá ní kẹ́ ẹ san án sí tòun, ẹ sá fún un.