Ṣé PhD ni mo nílò kí n tó lè máa gba tọkọtaya nímọ̀ràn lórí jẹ́nótáìpù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Òṣogbo, mo sì ní B.Sc. Àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó máa ń gbé ìwé jẹ́nótáìpù wá bá wa, èmi ni wọ́n sì sábà máa ń ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ẹnì kan ní kí n lọ gba PhD nínú ìmọ̀ jíìnì ènìyàn, ẹlòmíì ní postdoc ló dára jù. Èwo ni kí n ṣe, níbo ni kí n sì ti ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó sórí fọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbé postdoc kúrò nílẹ̀, torí kì í ṣe oyè rárá. Iṣẹ́ olówó oṣù ni. Ẹni tó ti gba PhD tán ló máa ń ṣe é fún ọdún mélòó kan lábẹ́ ọ̀gá onímọ̀, kí òun náà tó ní láàbù tirẹ̀.

PhD fúnra rẹ̀, ìwádìí ló wà fún. Láti ìgbà iṣẹ́ HapMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 ni ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá kan n'Íbàdàn ti wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ jákèjádò ayé ń yẹ̀ wò láti mọ bí jíìnì ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra. Ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń pa bí ọtí ni kó lọ gba PhD, ó sì lè gbà á ní ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà. Ìdí kan wà tó ń fa ọ̀pọ̀ èèyàn síbẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n: níbẹ̀, ilé ìwé sábà máa ń san owó ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ PhD, wọ́n á tún fún un lówó oúnjẹ, nígbà tí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ìmọ̀ràn sábà máa ń san ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gba PhD tán, ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń jókòó ti tọkọtaya tó ń sunkún.

Oyè másítà nínú iṣẹ́ ìmọ̀ràn jíìnì ni ohun tí ẹ ń wá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Sarah Lawrence, ní ìpínlẹ̀ New York, ló kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1969, ọdún méjì ló sì sábà máa ń gbà. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ bá ó kéré tán àádọ́ta aláìsàn tàbí ẹbí ṣiṣẹ́ lójú olùkọ́ kó tó lè jáde.

Ẹ lè ní kí ló tó kọ́ fún ọdún méjì. Tọkọtaya kan wá bá mi nígbà kan, àwọn méjèèjì AS, ọmọ mẹ́ta, ara gbogbo wọn le. Ìyàwó ní wọ́n ti sọ fún òun pé ẹ̀kẹrin ló máa jẹ́ SS, torí náà òun ò ní bí i. Ẹni tó sọ fún un ka "ọ̀kan nínú mẹ́rin" bí ẹni ń ka ebè. Mo kó owó ẹyọ méjì lé e lọ́wọ́, mo ní ojú kan ni A, ìkejì ni S, kó máa jù wọ́n sókè. S méjì jáde lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jáde lẹ́ẹ̀kẹta. Ọkọ rẹ̀ dákẹ́ lọ gbári. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: ìdá 25 nínú 100 fún SS, 50 fún AS, 25 fún AA, ohun tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ kò kan àbúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n bí tàbí kí wọ́n má bí. Ibẹ̀ ló le jù nínú iṣẹ́ yìí fún àwa tí wọ́n ti tọ́ dàgbà láti máa tọ́ ẹlòmíì sọ́nà.

Ẹ óò tún rí ìwé tí ọmọ jẹ́ SS, tí bàbá sì jẹ́ AA. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, kí wọ́n tún àyẹ̀wò gbogbo wọn ṣe. Ilé ti tú rí nítorí ìwé láàbù tí kò tọ̀nà.

Ká ní àbúrò mi lẹ jẹ́, Yunifásítì Gánà ní Legon ni n óò ní kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ní ibùdó ìṣègùn jíìnì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní WAGMC. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ìmọ̀ràn yìí níbẹ̀, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tiwa ni wọ́n sì ń rí lójoojúmọ́. Jíìnì C náà wọ́pọ̀ ní Gánà, ó sì wà láàárín àwa Yorùbá. Ẹni tí AS nìkan yé máa ń sọ fún AS àti AC pé kò séwu, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè bí SC, tí òun náà jẹ́ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Yunifásítì Cape Town àti ti Witwatersrand ní Gúúsù Áfíríkà náà ń kọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ní ètò ọdún mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba owó oṣù, àmọ́ èrò tó ń du àyè ibẹ̀ pọ̀ púpọ̀.

Kí ẹ tó lọ síbikíbi, ẹ béèrè nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú tí Sickle Cell Foundation Nigeria máa ń ṣe ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó. Ẹ má sì jẹ́ kí láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì yín kú, torí òun ló máa gbà yín wọ ilé ìwòsàn nígbà tẹ́ ẹ bá padà dé.

Ohun tí àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wò jù ni bóyá ẹ ti jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú rí. Ẹ ti ń ṣe é. Láti ọ̀la lọ, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ máa kọ ohun tí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan béèrè, ohun tí ẹ dá wọn lóhùn, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti há yín lẹ́nu. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, kí ẹ sì máa fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́lé.