Ẹsẹ̀ tó ń ro lẹ́yìn eré sísá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Sátidé lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi lọ sáré gun àtẹ̀gùn ní sítédíọ́mù Òṣogbo níbí, mi ò ṣerú ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà kò sí nǹkan kan, àmọ́ Mọ́ńdè tó mọ́ yìí mi ò lè jókòó láì di ògiri mú. Màámi ní kí n fomi gbóná jó o, ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé ibuprofen mì kí n padà lọ sáré kí ásíìdì ẹsẹ̀ lè jáde. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi. Ásíìdì tí ọ̀rẹ́ ẹ ń sọ yẹn, kò ju bíi wákàtí kan lọ lẹ́yìn tóo sinmi tó fi kúrò lára, kò lè jẹ́ òun ló ń dùn ẹ́ ní Mọ́ńdè. Fọ́nrán tíntìntín inú ẹran itan ẹ ló ya díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbà tóo ń sọ̀ kalẹ̀, torí ńṣe ni ẹran itan ń nà tó sì tún ń dá ara dúró kóo má baà ṣubú, ara wá ń tún ibẹ̀ ṣe, òun ló ń ro yẹn. Láàárín wákàtí 24 sí 72 ló máa ń le jù, tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan á ti lọ.

Má sùn kalẹ̀ o, máa rìn jẹ́jẹ́ ládùúgbò, àmọ́ má tíì sáré. Omi màámi dáa tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n ṣáà má tẹ̀ ẹ́ débi tí wàá fi máa ké. Jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, kóo sùn dáadáa. Ibuprofen ní tiẹ̀, mi ò fẹ́ ẹ rárá lórí ikùn òfìfo, tàbí fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, tàbí ẹni tí ò tíì mumi tó, torí kídìnrín.

Ohun tí mo fẹ́ kóo fojú sí jù ni ìtọ̀ ẹ. Tó bá dúdú bíi Coke, tàbí ẹsẹ̀ wú gan-an tí kò lágbára mọ́, jọ̀ọ́ má dúró dọ̀la, gba UNIOSUN Teaching Hospital lọ lójú ẹsẹ̀, ẹran ara ló ń yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ó sì lè ba kídìnrín jẹ́. Tóo bá jẹ́ AS, tètè ṣọ́ra, ewu ẹ̀ ju tẹlòmíì lọ, pàápàá nínú oòrùn.

Tí kò bá ro mọ́, padà lọ, àmọ́ ìdajì àtẹ̀gùn ni kóo kọ́kọ́ gùn. Kò ní ro tó báyìí mọ́.