Kílíìpù họ́òsì epo Ìjàpá: gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí iná ti gba irùngbọ̀n rẹ̀

Àbúrò, o kú ìtọ́jú Volkswagen Ìjàpá bàbá rẹ. Ìwọ fúnra rẹ lo pè wá ní ẹ̀yin bàbá, torí náà n ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. O ní họ́òsì epo tuntun tí o rà, ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6, o wá ń béèrè bóyá kílíìpù mílímítà 6 ni kí o lọ rà, bóyá sikúrúdiráfà lásán tó láti fi dè é, àti bóyá ó yẹ kí o fi kílíìpù méjì sí ẹnu kan.

Má ra mílímítà 6. Ẹ̀yìn họ́òsì ni kílíìpù ń dì mú, kì í ṣe ihò rẹ̀. Họ́òsì tí ihò rẹ̀ jẹ́ 6, tí ara rẹ̀ nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ lè tó 12 tàbí 13. Họ́òsì Jámánì àtijọ́ tí wọ́n fi òwú hun bò kì í tó bẹ́ẹ̀. Ti họ́òsì bọ orí páìpù ná, kí o tó fi káálípà wọ̀n ọ́n, torí páìpù á fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí o bá bá 13, ra èyí tí wọ́n kọ 12-14 sí lára, kí ìwọ̀n rẹ lè bọ́ sí àárín. Èyí tó bá tóbi jù, ó máa dé òpin kó tó mú rọ́bà.

Ọyẹ́ ọdún 2019 ni tèmi ṣẹlẹ̀. Mò ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀, mo ti ń sún mọ́ Mọ́níyà. Ó ti tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ti ń gbóòórùn epo, ṣùgbọ́n ta ni kì í gbóòórùn epo nínú Ìjàpá? Iwájú wa níbẹ̀ ni táǹkì wà. Mo yí gíláàsì sílẹ̀, mo ń bá tèmi lọ. Ọlọ́kadà kan ló sáré bá mi, ó ń fọwọ́ lu ara mọ́tò, ó ń pariwo pé, "Bàbá, iná wà nídìí yín!" Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bú mi ni. Ìgbà tí mo wo gíláàsì ẹ̀yìn ni mo rí èéfín dúdú.

Mo pa mọ́tò, mo sáré bọ́ sílẹ̀, mo wá ṣe ohun tí n kò gbọ́dọ̀ ṣe: mo ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì gbàgà. Atẹ́gùn wọlé, iná fò dìde, ó gba irun ìpéǹpéjú mi àti irùngbọ̀n apá òsì. Mo lérò pé bí mo ti pa ẹ́ńjìnnì, pọ́m̀pù á dúró, epo náà á sì dúró. Epo ò dúró. Táǹkì wà lókè níwájú, ibi tí họ́òsì ti já wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn, epo sì ń wá fúnra rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fẹnu fa họ́òsì nínú kẹ́ẹ̀gì tó sì gbé ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ya sórí ẹ́ńjìnnì, iná ń jẹ ẹ́.

Mo fa sílíńdà panápaná yọ lábẹ́ àga. Ìyẹn ni àwọn oníyúnífọ́ọ̀mù kan fi dandan mú mi rà lójú títì ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, tí wọ́n ní láìsí i n ò ní kọjá. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣe fìì bí ẹni tó só, ó tán. Abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ ti wà nínú pupa láti ọjọ́ tí wọ́n ti tà á fún mi, èmi ni n kò mọ̀ ọ́n wò. Títí dòní, bí wọ́n bá dá mi dúró, "Sílíńdà dà?" ni wọ́n máa ń bi mí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì ní kí n ṣí ìdí ọkọ̀ kí òun wo họ́òsì. Kí ìwọ má ra ti ojú títì. Ra èyí tó kún, oníyẹ̀fun, kí o sì gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ á ti tètè tó o.

Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ló gbà mí. Àtẹ tí ìyá kan fi ń pàtẹ ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń bu yanrìn. Ọmọkùnrin kan ti ń gbé báàfù omi bọ̀, bàbá arúgbó kan tó ti ṣe mẹkáníìkì Volkswagen rí ló lọgun mọ́ ọn pé kó dà á sílẹ̀. Epo máa ń léfòó lórí omi, iná á sì máa bá a ṣàn. Èyí tó tún burú jù, magnesium ló pọ̀ jù nínú irin tí wọ́n fi ṣe àpótí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá. Bí ìyẹn bá gbaná, tí omi kàn án, iná funfun báláú tó máa bú jáde, ojú ò ní lè wò ó. Yanrìn ni, àbúrò, yanrìn.

Oṣù méje ni mọ́tò fi wà nílẹ̀. Mo gbé ìwé ìbánigbófò lọ, wọ́n ní third party ni mo san, èyí tí mo bá ṣe fún ẹlòmíràn nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ti ń san án láti ìgbà ìwáṣẹ̀ o, ẹnì kan ò là mí lóye.

Nígbà tó tutù tán, mo kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Họ́òsì tó ti ara pọ́m̀pù lọ sí kàbúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn, ló já. Apá ti kàbúrétọ̀ ti jó di eérú, ṣùgbọ́n kílíìpù apá ti pọ́m̀pù ṣì wà níbẹ̀. Kílíìpù onísikúrù ni, irú èyí tí ihò gbọọrọ gbọọrọ tò sí ara bẹ́líìtì rẹ̀. Mo tú u. Rọ́bà ti wú wọ inú àwọn ihò yẹn, etí irin sì ti gé e wọlé, ojú gígé mẹ́rin tò tẹ̀lé ara wọn bí ojú eyín ọmọdé lára búrẹ́dì. Ìwọ wo ibi tí pọ́m̀pù Ìjàpá wà: dìsíbúútọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbágbágbá, iná sì ń tà nínú ìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó dè é fún mi, ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é, sáfíkéètì wà lára ògiri rẹ̀. Mo ti bi í nígbà yẹn bóyá kílíìpù yẹn ò le jù. Ó ní, "Kílíìpù ni kílíìpù, bàbá." Mo padà lọ bá a, ó ní epo tí mo rà ni kò dáa. Ní 2022 tí wọ́n kó epo tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ jù wọlé, tí gbogbo ìlú ń pariwo, ó tún pè mí lórí fóònù: "Ṣé ẹ rí i báyìí?" Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí mọ́tò mi jó! Òótọ́ ni pé irú epo bẹ́ẹ̀ máa ń ba rọ́bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára họ́òsì kí o tó sanwó. Àmì SAE J30R7 ti tó fún kàbúrétọ̀, J30R9 ló dáa jù. Èyí tí kò bá ní nǹkan kan lára, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Họ́òsì funfun tí a ń rí inú rẹ̀ yẹn, omi ni kí o fi fà. Epo á sọ ọ́ di gbígbẹ, á sì sán.

Kílíìpù tí mò ń lò báyìí ni èyí tí bẹ́líìtì rẹ̀ dán láìní ihò, tí etí rẹ̀ ká sókè kó má baà gé rọ́bà, tí bóòtì kékeré kan pẹ̀lú nọ́ọ̀tì ń fún ẹnu rẹ̀ pọ̀. Sọ pé fuel injection clip, wọ́n á mọ̀ ọ́n lọ́jà ẹ̀yà ọkọ̀, ní Gate n'Íbàdàn tàbí ní Ládìpọ̀ l'Ékòó. Gé họ́òsì rẹ díẹ̀ dání lọ, kí o wọ̀ ọ́ wò lójú wọn. Onísikúrù yẹn ò burú fún họ́òsì omi ńlá ti ọkọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n lórí họ́òsì tín-ín-rín kì í ká róbótó, abẹ́ ilé sikúrù rẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ lepo á ti máa sun. Onísípíríìnì ń fẹ́ ìwọ̀n tó bá a mu gan-an. Elétí tí wọ́n ń fi púláyà rẹ̀ fún pa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni o lè lò ó. Bí mẹkáníìkì bá yọ wáyà ìdè sí ọ, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ.

Ti irinṣẹ́: sikúrúdiráfà máa ń yọ̀, á gún họ́òsì tàbí àtẹ́lẹwọ́ rẹ. T-sípánà tàbí sókẹ́ẹ̀tì kékeré ni; orí bóòtì 7 ló pọ̀ jù níta, ṣùgbọ́n dán an wò kí o tó rà á. Yọ bàtìrì, fún họ́òsì abẹ́ táǹkì pa, ìyókù o ti mọ̀ ọ́n. Họ́òsì gbọ́dọ̀ kọjá ibi tó yọ gùlọ̀ lórí páìpù dáadáa, kí kílíìpù sì wà lẹ́yìn ibẹ̀, kó má gun orí rẹ̀. Fún un títí rọ́bà á fi fẹ́ yọjú díẹ̀ lẹ́bàá etí kílíìpù, kí o dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí mo ti dárúkọ bàtìrì yẹn, ṣé ìdérí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn? Bí kò bá sí, tí àwọn ọmọ mẹ́ta bá jókòó lé e, sípíríìnì àga á kan orí bàtìrì, iná mìíràn nìyẹn tí kò kan epo rárá. Wá nǹkan bò ó lónìí.

Má sì tún họ́òsì ẹ̀yìn nìkan ṣe. Ọ̀kan wà lábẹ́ táǹkì níwájú, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíàbọ́ọ̀sì níbi tí páìpù ti jáde lábẹ́ ọkọ̀; èyí tí ojú ò tó ló máa ń gbó jù. Fíltà oníke tí wọ́n gbé kọ́ sókè dìsíbúútọ̀, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, gbé e lọ sẹ́bàá gíàbọ́ọ̀sì. Fọwọ́ mú páìpù idẹ kékeré tó wọ ara kàbúrétọ̀, kí o yí i wò. Bí ó bá mì, kò sí kílíìpù tó lè gbà ọ́, torí páìpù náà ló máa fà yọ pẹ̀lú họ́òsì àti kílíìpù lára rẹ̀.

Háà, kílíìpù méjì tí o béèrè. Páìpù kàbúrétọ̀ kúrú, kò sí àyè fún méjì. Èkejì á kàn máa fún rọ́bà tí kò ní páìpù nínú ni. Ọ̀kan tó bá a mu tó.