Nọ́ńbà kọ́sítọ́ọ̀mù wo ni ti òkúta iyebíye dídán tí à ń kó wọlé wá sí Ìjẹ̀bú-Òde?

7103.99 ni, bí ó bá jẹ́ irú ágéètì tàbí ámẹ́tísì tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì ti dán, àmọ́ tí wọn kò tíì sín in tàbí kí wọ́n dè é mọ́ nǹkan ẹ̀ṣọ́. Èyí tí wọ́n kàn fi ayùn rẹ́ lásán, 7103.10 ni.

Okùn ni kí oníṣòwò ìlẹ̀kẹ̀ Ojúde Ọba ṣọ́ra fún. Tí wọ́n bá ti sín in di ẹ̀gbà ọrùn, láìsí wúrà tàbí fàdákà níbẹ̀, ó ti di 7116.20. Àfi òkúta tí wọn kò tíì ṣà, tí wọ́n kàn sín fúngbà díẹ̀ kó lè rọrùn láti gbé: ìyẹn ṣì wà ní 7103.

Iyùn inú òkun kò sí lára wọn rárá. Ara ẹranko ló ti wá, 9601 sì ni ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ gbígbẹ́ tí wọn kò tíì sín.