Ọmọ Ẹyẹlé Tí Kò Fẹ́ Kúrò Nínú Ìtẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ ẹyẹlé mi méjì ti pé ọjọ́ 28, síbẹ̀ inú ìtẹ́ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń ké fún oúnjẹ. Ìyá wọn sì ti tún yé ẹyin méjì mìíràn síbẹ̀. Ṣé kí n gbé wọn jáde ni? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ gbé apá wọn sókè wò. Bí ìyẹ́ bá ti bo abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé wọn jáde lónìí, kí wọ́n má baà tẹ ẹyin fọ́. Bí awọ bá ṣì ń hàn níbẹ̀, ẹ fi ọjọ́ 3 sí 4 kún un. Ẹyin tuntun yẹn kò yani lẹ́nu. Bí ẹyẹlé ṣe ń ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ti gbé ìtẹ́ kejì sítòsí kí àwọn ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ 3.

Ẹ fi wọ́n sínú àgò tiwọn. Akọ tó ń ṣọ́ ìtẹ́ lè ṣá wọn lórí títí awọ á fi bó.

Omi ni kí ẹ mójú tó jù, torí inú oúnjẹ tí òbí ń pọ̀ sí wọn lẹ́nu ni wọ́n ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Ẹyẹlé kì í gbórí sókè mumi bí adìẹ, ṣe ló ń fà á, nítorí náà àwo pẹrẹsẹ kò dára. Ẹ rọra ti ẹnu rẹ̀ bọ omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí omi má kan ihò imú, títí ẹ ó fi rí i tó ń dá mu.

Ọkà bàbà àti àgbàdo tí ẹ fọ́ wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fọ́n sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹ bá ní ọmọ ẹyẹlé mìíràn tó ti mọ oúnjẹ ṣà, ẹ fi sáàárín wọn. Wíwò ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Nírọ̀lẹ́, ẹ fọwọ́ tẹ àpò oúnjẹ abẹ́ ọ̀fun wọn. Bó bá ṣófo, ẹ la ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi àgbàdo tí ẹ ti rẹ sómi bọ̀ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ohun kan tó ki lọ́nà ọ̀fun wọn, àìsàn nìyẹn: ẹ pe dókítà ẹran.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù wọ́n sókè kí wọ́n lè fò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo ìta láti inú àgò fún bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣílẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, kí ẹ tó fún wọn lóúnjẹ. Ebi ni yóò dá wọn padà. Bí àwòdì bá ń rà bàbà lókè, ẹ fi í di ọjọ́ kejì.